Yàrá Inú Ilé Ẹni: Ibi Tí Òfin Ti Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí lórí fóònù. Ó ní òun gbọ́ pé a ní yàrá kan tó ṣófo nínú ilé wa ní Bódìjà, pé òun ń wá ibi tí òun máa gbé fún ọdún kan tó kù kí òun parí ìwádìí òun ní yunifásítì. Lóòótọ́ la ní yàrá. Àbígbẹ̀yìn wa ló ń sùn níbẹ̀ kó tó lọ sí Kánádà, láti ìgbà náà sì ni àwọn ìwé mi àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyàwó mi ò lò mọ́ ti gba ibẹ̀. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ò nílò àlàyé lẹ́nu mi. Èmi àti ìyá wọn ti fẹnu kò pé a máa gba ayálégbé kan, ẹnì kan ṣoṣo, tí a ó jọ máa lo ilé ìdáná.

Ọmọ náà ń sọ Yorùbá dáadáa, Yorùbá ará Ìbàdàn pọ́ńbélé. Mo ní, "Kí lorúkọ ẹ?" Ó dárúkọ. Orúkọ Ìgbò ni. Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti ní, "Háà, ó dáa. Jẹ́ kí n bá ìyá wọn sọ ọ́ ná, màá pè ọ́ padà." Bẹ́ẹ̀ ìyá wọn jókòó tì mí, a sì ti parí ọ̀rọ̀ tipẹ́. N ò tíì béèrè bóyá ó ń mu sìgá. N ò béèrè iye tó lè san.

Mo gbé fóònù kalẹ̀, ara mi ò lélẹ̀. Mo mọ irú ìdáhùn yẹn. Wọ́n ti fi dá èmi náà lóhùn rí.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969 ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nígbà náà ni pé a máa ra ìwé ìròyìn ìrọ̀lẹ́, a máa fi bírò fa ìlà sábẹ́ ìkéde yàrá, a máa di owó ẹyọ mọ́wọ́ lọ sínú àgọ́ tẹlifóònù tó wà létí títì. Ìyá kan máa gbé e, ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ dùn bí oyin. Mo máa sọ̀rọ̀ dé gbólóhùn kejì tàbí ìkẹta, ó máa dákẹ́ díẹ̀, á wá ní, "Má bínú, yàrá náà ti lọ." Lọ́jọ́ kan, ọmọ Wales kan tí a jọ wà ní kíláàsì tẹ̀ lé mi. Wọ́n ní yàrá ti lọ fún mi, òun náà wọ inú àgọ́ kan náà, ó tẹ nọ́ńbà kan náà. Wọ́n ní kó máa bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ewì Wole Soyinka tó pè ní "Telephone Conversation" ti bá irú lánlédì yìí pàdé. Àwa tí a wà níbẹ̀ mọ̀ pé kò sí àsọdùn níbẹ̀.

Ohun tó rú mi lójú nígbà náà ni pé òfin ti wà. Ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ṣe é. Ó gbà mí lọ́dún mélòó kan, nígbà tí mo ti di olùkọ́, kí n tó jókòó ka òfin náà látòkèdélẹ̀ tí mo sì rí i pé àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò rú òfin kankan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn díẹ̀. Òfin àbáláyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó bá ṣí ilé fún arìnrìn-àjò, ìyẹn òtẹ́ẹ̀lì, kò gbọdọ̀ lé ẹni tó lówó lọ́wọ́ nígbà tí àyè wà, àfi tó bá ní ìdí gúnmọ́. Orí èyí ni Learie Constantine gbé ẹsẹ̀ lé. Ọmọ Trinidad ni, ìlúmọ̀ọ́ká nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì. Ní 1943, ó ti san owó àsansílẹ̀ fún yàrá ní Imperial Hotel ní Lọ́ńdọ̀nù, òun pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ wọn níbẹ̀ ju alẹ́ ọjọ́ kan lọ, nítorí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wọ̀ síbẹ̀. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, ó sì jàre ní 1944. Owó gbà-má-bínú tí adájọ́ fún un ò ju gínì 5 péré, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti ṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé òtẹ́ẹ̀lì nìkan ni òfin yẹn dè. Opó tó ń fi yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ gba owó kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá wù ú ló lè gbà. Bẹ́ẹ̀ irú yàrá bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ń wá, torí ta ló fẹ́ gbé òtẹ́ẹ̀lì fún ọdún mẹ́ta?

Àwọn àgbà wa kò dúró de òfin. Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1925. Ó padà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta, láti 1929, tó ń ti ìlú dé ìlú láti fi kó owó jọ. Kí ni owó náà wà fún? Ilé ni! Ibi tí ọmọ ènìyàn lè sùn láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Ní 1933 ni wọ́n ṣí ilé náà ní Camden Road. Ìyàwó rẹ̀, Opeolu, ló ń bójú tó ibẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pè é ní Mama WASU. Nígbà tí mo bá ń kọ́ yín ní ìtàn WASU, ọ̀rọ̀ òṣèlú la máa ń tẹnu mọ́, òmìnira, àtakò sí ìjọba amúnisìn. Mo ronú sí i báyìí pé ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò ọbẹ̀.

Òfin wá dé nígbẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1965 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ilé gbígbà. Ní 1967, àjọ olùwádìí kan tó ń jẹ́ PEP dán àwọn onílé wò gẹ́lẹ́ bí ọmọ Wales yẹn ṣe ṣe fún mi: wọ́n rán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rán aláwọ̀ funfun tó wá láti Hungary, wọ́n rán aláwọ̀ dúdú. Èsì ìwádìí yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n ṣe òfin tuntun ní 1968, èyí tó ka ilé gbígbà àti iṣẹ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀nà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Bí onílé bá ń gbé inú ilé náà fúnra rẹ̀, tí òun àti ayálégbé jọ ń lo apá kan nínú ilé bí ilé ìdáná tàbí balùwẹ̀, tí ilé náà kò sì tóbi, òfin náà kò kàn án. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1976, wọ́n fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ síbẹ̀: ilé tí kò gbà ju èèyàn 6 lọ yàtọ̀ sí agbo ilé onílé. Ohun kan tí òfin 1968 kò gbà fún ẹnikẹ́ni ni kí wọ́n kọ ọ́ síta pé àwọn kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà pátákó kúrò lójú fèrèsé, "yàrá ti lọ" wá bọ́ sórí tẹlifóònù. Ọ̀rọ̀ ti 1969 yé mi wàyí.

Kí ẹ má rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni. Ọdún 1968 yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà ṣe òfin ilé gbígbà tiwọn, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King. Àwọn náà yọ onílé tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀ sílẹ̀, bí ilé náà kò bá ju ti ìdílé 4 lọ. Wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ fún onílé ọ̀hún: "Mrs. Murphy". Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Opó kan tí àwọn aṣòfin fọkàn yà nígbà tí wọ́n ń jiyàn ni, ìyá tó ń fi yàrá bíi mélòó kan jẹun, tí wọ́n ní kò yẹ kí ìjọba yan ẹni tó máa bá a gbélé fún un. Àwàdà tó wà níbẹ̀ ni pé ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ sọ pé òfin àtijọ́ kan, ti 1866, ti ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ nínú ilé títà àti ilé gbígbà léèwọ̀ látilẹ̀wá. Òfin 1866 yẹn kò sì mọ ìyá kankan tó ń jẹ́ Murphy.

Mo ti fi ìyá yìí ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní báyìí tí mo ti pé ọdún 82, tí mo ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru lọ sí balùwẹ̀, mo gbà pé ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Àjèjì nínú ilé ẹni, àjèjì ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Bí ìyá náà bá sọ pé òun kò fẹ́ amusìgá, tàbí ẹni tó ń wọlé ní aago méjì òru, tàbí ẹni tí kì í fọ abọ́, òfin ìyàsọ́tọ̀ kò bá a wí. Kò nílò kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí àyọsílẹ̀ náà fún un ni agbára láti wo àwọ̀ tàbí ìran ẹni, kó sì ti ilẹ̀kùn. Ó tó òfin 2010 kí wọ́n tó mú ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti àwọ̀ kúrò nínú àyọsílẹ̀ yẹn pátápátá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

N ò tíì sọ ibi tí mo padà rí yàrá. Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Àjọ tí wọ́n ń dá láàárín ara wọn ló fi san owó àkọ́kọ́ lórí ilé náà, owó àwa ayálégbé rẹ̀ ló ń fi san ìyókù. Bàbá dáadáa ni. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni, "Ọmọ ibo ni ẹ́?" Mo sọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ìlú wa. Lọ́jọ́ òtútù kan, ọmọ Jàmáíkà kan kan ilẹ̀kùn, ó ń wá yàrá. Yàrá ẹ̀gbẹ́ tèmi ṣófo. Mo gbọ́ tí bàbá sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé kò sí àyè mọ́. Bàbá náà ń gbé inú ilé rẹ̀, ó sì ń bá wa lo ilé ìdáná. Òfin kò bá a wí. Èmi wà nídìí gáàsì, mò ń ro àmàlà. N ò sọ nǹkan kan.

Ṣé "Ọmọ ibo ni ẹ́?" burú ni? Ìbéèrè àwọn baba wa ni. Nígbà tí a kì í gba owó lórí yàrá, àlejò tó bá wọ ìlú máa sọ̀ sọ́dọ̀ baálé kan, ẹni yẹn sì di onílé rẹ̀. Bí àlejò bá jẹ gbèsè tàbí ó dá ẹjọ́ sílẹ̀, onílé ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Ó yẹ kó mọ ibi tó ti wá, kó lè mọ ẹni tó máa dúró fún un. Sábó tó wà níbí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, jẹ́ kí a rí irú ètò bẹ́ẹ̀ kedere lọ́dọ̀ àwọn Haúsá. Abner Cohen kọ ìwé lé e lórí ní 1969: àwọn onílé ibẹ̀ ń gba oníṣòwò obì àti màlúù sílé láìgbowó yàrá, làádà orí ọjà ni wọ́n ń jẹ, àwọn ló sì ń dúró fún wọn. Wọn kì í bi àlejò ní ìlú rẹ̀ kí wọ́n lè lé e. Wọ́n ń bi í kí wọ́n lè gbà á.

Nígbà tí yàrá di ohun tí a ń fowó gbà, iṣẹ́ tí ìbéèrè yẹn ń ṣe ti parí, ìbéèrè náà kò parí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ní Èkó àti Ìbàdàn: a ò gba Ìgbò, a ò gba lọ́yà, a ò gba obìnrin tí kò lọ́kọ. Abala 42 nínú ìwé òfin wa ti 1999 lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, ṣùgbọ́n òfin àti ìṣe ìjọba ló dárúkọ. Òfin ilé gbígbà tí Èkó ṣe ní 2011 sọ̀rọ̀ lórí iye ọdún tí onílé lè gba owó rẹ̀ ṣáájú. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí mo fi ní màá pe ọmọ yẹn padà.

Àfi ìyá wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní, "Ẹ má fi èmi ṣe àwáwí mọ́ o." Mo gbé fóònù.

Ọmọ náà ní, "Háà, ẹ káalẹ́ sà. Mo ti rò pé yàrá yẹn ti lọ ni." Wọ́n bí i ní Mọ́kọ́lá, ó ní. N ò béèrè, òun ló sọ ọ́, kíákíá, bí ẹni tó ti mọ̀ pé wọ́n máa béèrè. Mo bi í nípa sìgá, mo bi í nípa owó.

Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa báyìí. Ó bá mi gbé àwọn ìwé náà lọ sí pálọ̀. Rédíò rẹ̀ ń pariwo jù láàárọ̀, mo sì ti sọ fún un.