Àìtó Ẹ̀jẹ̀ Lára Àwọn Obìnrin Wa: Ìtàn Rẹ̀ Láti Bombay Dé Ìbàdàn

Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ bẹ ẹnìkejì rẹ̀ gidigidi, a ní kí ó wo ti ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Àwọn baba wa mọ̀ pé láàárín ikú àti ìyè ni ìkúnlẹ̀ náà wà. Ọ̀kan nínú ohun tí ń mú un burú sí i ni àìtó ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ ìtàn bí a ti ṣe wá mọ ìdí àrùn yìí sínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa.

Ní ayé àtijọ́, bí ojú aboyún bá funfun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ó sì ń mí hẹlẹ, ọ̀pọ̀ a máa sọ pé àwọn ayé ni ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ìyá wa kò káwọ́ gbera. Wọn a máa rẹ poroporo ọkà bàbà sínú omi fún un mu.

Ní ọdún 1928, dókítà obìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lucy Wills, lọ sí ìlú Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà. Ó bá àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ híhun nínú ìpọ́njú: bí wọ́n bá lóyún, ẹ̀jẹ̀ wọn a máa gbẹ, àwọn mìíràn a sì kú. Ó kọ́kọ́ wá kòkòrò àrùn, kò rí i. Lẹ́yìn náà ni ó wo oúnjẹ wọn, ó sì rí i pé àwọn tálákà tí kì í rí ẹ̀fọ́, èso àti wàrà jẹ tó ni àrùn náà ń bá jà jù. Ó fi irú oúnjẹ náà bọ́ ọ̀bọ, ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ náà gbẹ. Ó fún un ní Marmite, èyí tí a fi ìwúkàrà ṣe, ara rẹ̀ sì bọ̀ sípò. Ní 1931 ni ó kọ ọ́ jáde pé ohun kan náà ń wo àwọn aboyún sàn.

Ní 1941, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yọ èròjà náà láti inú tọ́ọ̀nù mẹ́rin ẹ̀fọ́ spinach. Wọ́n pè é ní folic acid, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ewé.

Ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ wa gan-an ní Ìbàdàn. Ní 1968, àwọn dókítà Fleming, Hendrickse àti Allan tẹ ìwádìí jáde lórí bí a ti lè dènà irú àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí lára àwọn aboyún Nàìjíríà. Ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri a máa ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ara a sì nílò folic acid púpọ̀ sí i láti ṣe òmíràn, nígbà tí ọmọ inú pẹ̀lú ń fà á. Nítorí náà, ìdènà ibà àti folic acid ni ó gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀.

Èròjà irin náà kò gbọ́dọ̀ wọ́n lára. Nǹkan oṣù a máa mú un lọ lára àwọn ọmọge wa. Aràn tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé a sì máa mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà lọ sóko.

Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 49, 58 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro sì kún oko wa! Ṣùgbọ́n bí a bá bọ ẹ̀fọ́ pẹ́, tí a sì fún omi rẹ̀ dànù, púpọ̀ nínú folic acid rẹ̀ ni a dànù. Bí baba bá sì ń jẹ ẹran tán kí awo ọbẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ìyá àti ọmọbìnrin, níbo ni irin yóò ti wá?

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ kú ìtìlẹ́yìn nípa ọ̀nà àti gbọ̀ngàn ìlú. A ń bẹ̀ yín kí ilé ìgbẹ̀bí wa má ṣe aláìní hóró irin àti folic acid, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún máa lò lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí a ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí a gbẹ́ ṣáláńgá, kí ọkọ sì mú aya rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní kùtùkùtù oyún. Ìlú tí ó bá dá ẹ̀mí ìyá sí, ara rẹ̀ ni ó dá sí.