Ìlà Wẹ́wẹ́ Lára Ọkọ̀ ní Ọ̀nà Bàdágìrì

Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ kọ ìtàn Bàdágìrì, kíá ni ọkàn wa yóò lọ sọ́dọ̀ òwò ẹrú, tàbí sọ́dọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ síbẹ̀ ní ọdún 1845. Àwọn tí ó mọ ìtàn wọ̀nyí jù mí lọ ti kọ ọ́, wọn yóò sì tún kọ ọ́. Ní tèmi, ohun kékeré kan ni mo fẹ́ mú wá sójú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí: àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí oòrùn máa ń fi hàn lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n rí bí okùn aláǹtakùn, àti bí ọmọ aráyé ti ń bá wọn jà. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀, oúnjẹ òòjọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin púpọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀tàn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń wí. Gbé ọkọ̀ dúdú sí ojú oòrùn ọ̀sán ní etí òkun, kí o sì wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá ti ń kọ mọ̀nà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. O ó rí ìlà tín-ín-rín tí wọ́n yí ìmọ́lẹ̀ náà po, bí ẹni pé ẹnìkan fi kọ́ńpáàsì fà wọ́n. Bí o bá ṣí ẹsẹ̀ lọ sí apá kejì, wọn yóò bá ọ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan ènìyàn jẹ. Àwọn ìlà náà kò yípo rárá. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n kọrí sí, ní ìbú àti ní òró. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dábùú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dá a padà sójú wa, àwọn yòókù a sì fara pamọ́.

Kí ni ó ń fà wọ́n? Àwọn ará etí òkun máa ń di ẹ̀bi náà ru iyọ̀ inú afẹ́fẹ́. N kò gbà fún wọn. Iṣẹ́ ti iyọ̀ ni kí ó mú irin dípẹtà, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tí ó ní òrùlé páànù ní Bàdágìrì ti mọ̀. Yanrìn ni ọ̀daràn. Wóró yanrìn le ju irin lásán lọ, áḿbọ̀ǹtórí ọ̀dà. Bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku láti ìhà ilẹ̀ Chad a tún fò wá bá a. Ẹni tí ó bá fi àkísà gbígbẹ nu ọkọ̀ tí irú eruku bẹ́ẹ̀ bà lé, tàbí tí fóòmù rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ tí ó sì he é tí ó ń fọ ọkọ̀ lọ, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi ewé ìpín ra á.

Mo dárúkọ ewé ìpín, ó sì yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Kí pépà tí a fi ń ha igi tó ti òkè òkun dé, ewé yìí ni àwọn agbẹ́gilére wa fi ń mú ojú igi jọ̀lọ̀. Ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Bí ó bá ti ń pẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́, ìkanra rẹ̀ a máa rọ̀, ojú igi náà a sì máa dán sí i. Nítorí náà, àwọn baba wa mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò tíì mọ̀: pé dídán kì í ṣe ohun tí a fi kún nǹkan, bí kò ṣe ohun tí ó ṣẹ́kù nígbà tí a ti mú nǹkan kúrò. Ìlà kékeré ni a fi ń pa ìlà ńlá, èyí tí ojú kò lè rí ni a sì fi ń pa kékeré.

Àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́, irú ọ̀dà tí a fi ń kun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni a fi kùn wọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì ni, ìpele lórí ìpele, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sì ni kí ó tó parí. Láti 1914 títí di 1925, dúdú nìkan ni àwọ̀ Model T ti Ford. Láàárín 1923 sí 1924 ni DuPont àti General Motors mú ọ̀dà Duco jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí a ń fi ìbọn fọ́n, tí ó sì ń yára gbẹ. Àwọ̀ oríṣiríṣi wá dé. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá pa irú ọ̀dà yìí pẹ́, ojú rẹ̀ a funfun bí ẹni tí a fi ẹfun pa lára, olówó rẹ̀ a sì níláti máa fi pólíìṣì ra á léraléra.

Ọdún 1975 ni ọ̀rọ̀ yìí wá bá wa dé ojúlé. Ní ọdún náà ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Bàdágìrì gan-an, nígbà tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Ọkọ̀ tí a fi mọ Ọ̀jọ́ jù lọ ni èyí tí àwa Yorùbá sọ ní Ìjàpá, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣe róbótó. (Ẹni tí ó bá ń kọ́ èdè, kí ó ronú lórí ọgbọ́n orúkọ yìí: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kòkòrò ni wọ́n pè é.) Títo Ìjàpá ti dópin kí ọ̀rúndún ogún tó parí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi ọwọ́ ra á kò tíì tán.

Bàbá kan wà ní ìtòsí Ìbẹ̀rẹ̀kò, Ògù ni, ó ti ń kun ọkọ̀ láti ìgbà tí Ìjàpá ṣì pọ̀ lójú ọ̀nà. Mo bi í léèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn àgbà ń wí, pé ọ̀dà ayé ìgbà náà kì í ha. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, ó ń ha. Àkísà wa ni kí o bi.” Ọ̀dà ìgbà náà, àwọ̀ rẹ̀ àti dídán rẹ̀ sábà máa ń wà nínú ìpele kan ṣoṣo. Bí a bá ra Ìjàpá pupa, àkísà a pọ́n. Bí a bá ra èyí tí ó ní àwọ̀ ojú ọ̀run, àkísà a gba àwọ̀ náà. Ìlà àti ọ̀dà tí ó ti kú ni wọ́n jọ ń bá àkísà lọ. Ojú ọ̀dà a sì tètè ṣá, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí dígí tí ìlà yóò fi hàn nínú rẹ̀.

Dígí yìí gan-an ni ó dé nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980. Láti ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ wá ń kun àwọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sì ń da ìpele mìíràn tí ó mọ́ gaara bí omi lé e lórí. Ìpele òkè yìí ni ó ń dáàbò bo àwọ̀ lọ́wọ́ oòrùn, òun náà ni ó sì ń gba gbogbo ìlà sára. Gbogbo ọ̀dà ara ọkọ̀ òde òní kì í sábà ju mákírọ́ọ̀nù 100 sí 150 lọ; ìpele gaara náà nínú rẹ̀ kò ju bí 40 sí 50. Irun orí kan ṣoṣo nípọn tó bíi 70. Ẹ wá wo bí ohun tí a ń jà lé lórí ti fẹ́lẹ́ tó!

Bí a ti ń mú ìlà náà kúrò kò ṣòro láti sọ. A ó fi omi púpọ̀ ṣan ọkọ̀, a ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, garawa méjì ni a ó sì lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan yanrìn kúrò lára kànrìnkàn. A ó fi amọ̀ rírọ̀ kan tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí yọ ìdọ̀tí tí ó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ni kọ́ńpáùn, lórí ẹ̀rọ tí ń yí. Èyí tí ó mú ni a kọ́kọ́ ń lò, kí èyí tí ó kúnná tó tẹ̀ lé e. Bàbá yìí kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó mú. Èyí tí ó kúnná ni ó máa ń kọ́kọ́ dán wò ní ibi kékeré kan, bí ìlà bá sì lọ, ó parí. Gbígbòòrò ìwà yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn ni ó ń fi ìda pa á, irú èyí tí wọ́n ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil.

Ibi tí ẹ̀tàn wà nìyí. Fún ọdún púpọ̀, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ó ń ti èbúté Kútọ̀nù gba Ṣẹ̀mẹ̀ wọlé, títí ìjọba àpapọ̀ fi fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017. Púpọ̀ nínú wọn ti gba ìlà láti òkè òkun, lọ́wọ́ búrọ́ọ̀ṣì ńláńlá tí ń fọ ọkọ̀ níbẹ̀. Alágbàtà tí ó fẹ́ tètè tà á lè fi pólíìṣì olóròóró dí ojú ìlà náà. Ọkọ̀ a máa dán gbinrin, lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, òwú aláǹtakùn a tún yọ. Òmíràn a sì ti fi ẹ̀rọ há a léraléra, títí ìpele gaara yóò fi fẹ́ tán. Irú èyí ni ó burú jù, nítorí ojú kò lè rí i. Oòrùn Bàdágìrì nìkan ni ó ń tú u fó, nígbà tí òrùlé ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí awọ ejò.

Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan gbé ọkọ̀ dúdú kan wá, ó ní kí Bàbá ra á kí ó dà bí tuntun. Bàbá fi ọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ wo etí rẹ̀ níbi tí irin ti tẹ̀, níbi tí ọ̀dà kì í ti í nípọn, ó wá ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì fi ìda pa á, kí ìlà tí ó jìn máa wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun yóò san ìlọ́po méjì. Bàbá ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Kò kù tó mọ́.” Ọkùnrin náà ṣáná sí ọkọ̀ rẹ̀, ó sì yà sí ìsọ̀ kejì, níbi tí àwọn ọmọdé méjì ti gbé ẹ̀rọ síta tí wọ́n ń dúró de oníbàárà.