ÌTÀN ẸGBẸ́ AKAJỌ́NÀ ÀTI IṢẸ́ NỌ́Ọ̀SÌ NÍ ÀKÚRẸ́ ÀTI OǸDÓ

Ìfáàrà

Ohun tí a ń pè ní ẹgbẹ́ akajọ́nà nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àpéjọ àwọn oníṣẹ́ kan náà tí wọ́n ń pàdé lóòrèkóòrè láti ka àbájáde ìwádìí kan tí ó jáde nínú jọ́nà, kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n sì pinnu bóyá ó yẹ kí ó yí ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ padà. Bí a bá dárúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn nọ́ọ̀sì, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé nǹkan olówó ni, pé ilé ìwòsàn tí omi ẹ̀rọ kò ti yọ déédéé kò ráàyè jọ́nà. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Bí a bá tọpa ìtàn ẹgbẹ́ náà dé ìdí, a ó rí i pé àìní ni ó bí i. A ó sì rí i pé apá kan nínú ìtàn ìwádìí tí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ sí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, ní ibi tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ìmọ̀ kò wọ́n wa. Ohun tí ó wọ́n wa ni ọ̀nà tí ìmọ̀ tí a tara ọmọ wa rí yóò gbà padà sí wọ́ọ̀dù.

Ibi tí ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀

Ọ̀dọ̀ William Osler ni àwọn òpìtàn ìṣègùn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Ní ọdún 1875, olùkọ́ ni ó jẹ́ ní Yunifásítì McGill ní ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà. Owó àwọn jọ́nà òkèèrè ju agbára rẹ̀ lọ. Ó bá kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n ń pawọ́ pọ̀ ra ìwé wọ̀nyí, wọ́n sì ń pín in kà láàrin ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú rẹ̀. James Paget, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní St Bartholomew's Hospital ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1835, ròyìn nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ pé àwọn díẹ̀ nínú àwọn ní yàrá kékeré kan lókè ilé oníbúrẹ́dì, lẹ́bàá ẹnubodè ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń ka jọ́nà. Kò fi pamọ́ pé àwọn mìíràn ń ta káàdì níbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú.

Kò sí obìnrin Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé kí ni Osler ṣe. Èsúsú ni. Ohun tí apá ẹnì kan kò ká ni a ń fi èsúsú ká. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: nínú èsúsú owó, ẹnì kan ni í kó o lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù a sì dúró de ìgbà tiwọn, nínú èsúsú ìwé, gbogbo wọn ni í kó o lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì dín kù. Àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí jọ́nà tiwọn, The American Journal of Nursing, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù October 1900, àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ni wọ́n ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí ó ń gbé e jáde.

Ìmẹ̀sí-Ilé

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an nìyí. Ní ọdún 1956, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé sí Wesley Guild Hospital tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí a bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé láti ọdún 1957 lọ. Wọ́n ń gbé ọmọ sórí ìwọ̀n lóòrèkóòrè, wọ́n ń fi àmì sí orí káàdì, ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó sì ń tọ́jú káàdì náà sílé. Bí àmì bá ń gòkè láti oṣù dé oṣù, ara ọmọ ń le. Bí ó bá dúró sójú kan, ewu ti ń bọ̀, kódà kí ara ọmọ náà tó gbóná rárá. Káàdì yìí tàn ká gbogbo ayé. Ìyá tí ó bá gbé ọmọ lọ wọ̀n ní Oǹdó lónìí, irú-ọmọ káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èèyi wà lára àwọn àrùn tí ń pa àwọn ọmọ náà. Ní ọdún 1960, ìròyìn jáde nínú jọ́nà àwọn dókítà Amẹ́ríkà nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi tí John Enders àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣe ní ìlú Boston. Morley kọ lẹ́tà sí wọn láti Iléṣà. Samuel Katz, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe abẹ́rẹ́ náà, sì gbé e wá sí Nàìjíríà, wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1962. Ẹ kíyè sí bí ọ̀ràn náà ṣe rìn: ìwé jáde ní òkèèrè, lẹ́tà lọ láti Iléṣà, oògùn wá.

Ní ọdún 1963, ìwádìí gbòòrò lórí èèyi láàrin ọmọ Nàìjíríà jáde nínú The Journal of Hygiene tí wọ́n ń tẹ̀ ní Cambridge. Orúkọ mẹ́ta ni ó wà lórí rẹ̀: Morley, Margaret Woodland, àti W. J. Martin. Nọ́ọ̀sì ni Woodland. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ka nọ́ọ̀sì sí ẹni tí ń gba àṣẹ nìkan, orúkọ nọ́ọ̀sì wà lórí ìwádìí tí a ṣe ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. A gbọ́dọ̀ fi èyí sí ìrántí. A sì gbọ́dọ̀ sọ èkejì rẹ̀: kò sí orúkọ Yorùbá kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Cambridge ni ìwé náà sì lọ jókòó sí. Kò sí ètò kankan tí ó mú un ní dandan pé kí agbẹ̀bí Àkúrẹ́ rí i kà.

Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn kò ní gùn, nítorí pé ó ti di mímọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti UCH bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952; ní ọdún 1965, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nọ́ọ̀sì fún oyè dìgírì. Kofoworọla Abẹ́ní Pratt, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá àgbà nọ́ọ̀sì ní UCH, wà lára àwọn tí ó dá jọ́nà tí a ń pè ní Nigerian Nurse sílẹ̀. Obìnrin yìí mọ̀ pé iṣẹ́ tí kò ní ìwé tirẹ̀, ìwé ẹlòmíràn ni yóò máa tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kí a dá jọ́nà sílẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀, kí a kóra jọ kà á jẹ́ ọ̀tọ̀.

Iye tí àìkàwé ń náni

Gìrì aláboyún ni àpẹẹrẹ tí a ó mú. Ní ọdún 1995, jọ́nà The Lancet gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí a ṣe pẹ̀lú obìnrin 1,687 ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, Áfíríkà wà lára wọn. Ó fi hàn pé magnesium sulphate dára púpọ̀ ju diazepam lọ láti dènà kí gìrì tún mú obìnrin náà lẹ́ẹ̀kejì: ewu náà fi nǹkan bí ìdajì dín kù. Ní ọdún 2002, ìwádìí mìíràn tí obìnrin 10,141 kópa nínú rẹ̀, Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀, fi hàn pé oògùn yìí kan náà a máa dènà gìrì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Oògùn náà kò wọ́n. Síbẹ̀, ọdún 2008 ni wọ́n tó mú un wọ ilé ìwòsàn 10 ní ìpínlẹ̀ Kánò pẹ̀lú ètò àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kí ó tó dé, nǹkan bí 21 nínú 100 àwọn obìnrin tí àìsàn yìí mú ní ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò pé 3 nínú 100. Ọdún 13 ni ó wà láàrin ìwé The Lancet àti wọ́ọ̀dù wọ̀nyẹn. Ta ni í fún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́? Ta ni í kan orúnkún rẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń ta, tí í ka èémí rẹ̀, tí í wọn ìtọ̀ rẹ̀, kí oògùn má baà di májèlé? Nọ́ọ̀sì ni. Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwé kò kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀.

Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ní oṣù February 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú rẹ̀. Ní ọdún 2009, ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọrẹ̀. Ní ọdún 2010, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́. Ní ọdún 2010 yìí kan náà ni ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé kí a máa ṣe ìwádìí abẹ́nú lórí ikú aláboyún, láìwá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù. Lójú tiwa, òfin yìí ni ó sún mọ́ ẹgbẹ́ akajọ́nà jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀, nítorí pé ó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti jókòó yí ọ̀ràn kan ká, kí wọ́n bi í léèrè ìdí, láìbínú síra wọn. Ní ọdún 2015, Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó, nígbà tí ó sì yá, ilé ìwòsàn ìjọba ti Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó di apá méjì ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀. Ọ̀nà tí ó wà láàrin ìlú méjèèjì kò tó 60 kìlómítà. Ìwé kan náà lè di kíkà ní ìlú méjèèjì nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, kí a sì fi èrò wé èrò.

Bí a ó bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, aago ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ òwúrọ̀ bá ń fà á lé ti ọ̀sán lọ́wọ́ ni àwọn méjèèjì jọ wà nínú ọgbà. Wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà náà tó. Ti àwọn aṣòru gba ètò ọ̀tọ̀, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé wọn. Ìwé kan ṣoṣo ni kí a kà, kí ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàrin àwọn dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 1995, fi hàn pé oúnjẹ wà lára ohun tí í mú kí irú ẹgbẹ́ yìí pẹ́ láyé. Èyí kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní ilẹ̀ Yorùbá.

Èkejì le ju aago lọ: ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé. Ní wọ́ọ̀dù wa, nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í já ọ̀gá rẹ̀ ní koro, ẹ̀kọ́ ilé kò sì gbà á láyè. Ìwúlò jọ́nà nìyí. Ìwé ni a ń bá jiyàn. A kò bá àgbà kankan jiyàn. Bí ọmọdé bá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwádìí yìí sọ pé bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kò dára tó," kò bú ẹnikẹ́ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àgbà gbẹ̀yìn. Kí aṣíwájú ìpàdé sì máa yí káàkiri bí èsúsú ti ń yí.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni jọ́nà, Yorùbá ni aláìsàn. Aláboyún Oǹdó kò ní sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ bí ìwé ti kọ ọ́. Yóò ní orí ń fọ́ òun, ojú ń ṣú òun, àyà ń dun òun. Àbá wa ni pé kí a ka ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì jiyàn lé e lórí ní Yorùbá. Ẹni tí kò bá lè sọ àbájáde ìwádìí kan fún ìyá àgbà tí ó tẹ̀ lé aláboyún wá kò tíì gbọ́ ìwádìí náà yé.

Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ń béèrè ẹ̀rí ẹ̀kọ́ àṣetúnṣe kí ó tó sọ ìwé àṣẹ dọ̀tun lẹ́yìn ọdún 3. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ṣeé gbà láìyí ohunkóhun padà ní wọ́ọ̀dù. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n pinnu láti yí padà síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò lọ wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ní ti owó, àwíjàre yẹn ti ń tán. Láti ọdún 2002, ètò Hinari tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe pẹ̀lú àwọn atẹ̀wé ti ṣí ilẹ̀kùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ́nà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Ìwé tí a ó dábàá pé kí Àkúrẹ́ àti Oǹdó kọ́kọ́ kà ni ti Morley, Woodland àti Martin ní ọdún 1963. Ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ọ̀fẹ́ ni, fóònù sì lè ṣí i.