Ta Ló Ronú Kan Apá Aṣọ?

Iná lọ, mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí pákó ìlọṣọ rúùmétì mi, mo gba kíláàsì lọ. Kí n tó padà, iná ti dé. Ihò ńlá! Mo bá ní màá rán ìbòrí mìíràn. Mo tẹ́ àǹkárá àtijọ́ sílẹ̀, mo da pákó dé e, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà yí i ká. Mo fi ìka mẹ́rin lé e kí n tó gé e. Mo ṣẹ́ etí rẹ̀, mo rán an, mo ti okùn bọ inú rẹ̀, mo fà á. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán, àmọ́ ibi ṣóńṣó orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe é bíi tábìlì?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Sarah Boone. Ọdún 1832 ni wọ́n bí i ní North Carolina, l'Amẹ́ríkà. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tó yá, òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí New Haven, ní Connecticut, ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ obìnrin jẹun. Ó ti dàgbà dáadáa kó tó mọ̀wé kà.

Láyé ìgbà yẹn, orí tábìlì tàbí pákó tí wọ́n gbé lé àga méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lọṣọ. Ìyẹn ò burú fún ṣíìtì. Ṣùgbọ́n aṣọ àwọn obìnrin fún mọ́ra lápá àti níbàdí. Bí o bá lọ irú apá bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì, ìlà á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Boone bá ṣe pákó tóóró tó tẹ̀ bí apá aṣọ, tí apá aṣọ lè wọ̀, tí wọ́n sì lè yí padà láti lọ ojú kejì. Ní April 26, 1892, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní páténtì nọ́ńbà 473,653, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé òun ló ni ọgbọ́n náà.

Àwọn kan máa ń sọ pé òun ló kọ́kọ́ ṣe pákó ìlọṣọ láyé. Rárá o! Àwọn mìíràn ti gba páténtì lórí rẹ̀ ṣáájú, láti nǹkan bí 1858. Ṣé ìyẹn wá sọ iṣẹ́ rẹ̀ di yẹpẹrẹ ni? Lójú tèmi, ńṣe ló gbé e ga. Ẹni tó ń rán apá aṣọ ló mọ ibi tó ti ń fún lílọ̀. A ò nílò irọ́ ká tó yìn ín.

Mo tú okùn mi, mo gé orí ìbòrí náà kó tẹ̀ bíi ti pákó, mo tún un rán. Ó gbà. Rúùmétì mi wò ó, ó ní ó dáa, àmọ́ kí n má fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù òun mọ́.