Àwọn Ọmọ Yúróòpù tó Lọ Jagun ní Síríà, àti Ìpadàbọ̀ Wọn

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Síríà ní 2011, nǹkan bí 5,000 ọmọ Yúróòpù ló lọ jà níbẹ̀ àti ní Ìráàkì, púpọ̀ nínú wọn lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISIS. Tọ́kì ni ọ̀pọ̀ jù lọ gbà wọlé. Lásìkò yẹn, òfin orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò ka irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ní 24 May 2014, Mehdi Nemmouche, ọmọ Faransé tó ti gbé lọ́dọ̀ ISIS, yìnbọn pa ènìyàn mẹ́rin ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù ní Brussels. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, àwọn aṣọ́bodè tó ń yẹ bọ́ọ̀sì kan wò ní Marseille ló ṣèèṣì rí i mú. Ní September, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàṣẹ, nínú ìpinnu 2178, pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè sọ ìrìnàjò ìpániláyà di ọ̀ràn lábẹ́ òfin.

Àṣẹ yìí kò dí ihò tó wà nínú ètò ààbò. Ní 13 November 2015, àwọn agbésùnmọ̀mí pa 130 ènìyàn ní Paris, 90 nínú wọn ní gbọ̀ngàn Bataclan. Abdelhamid Abaaoud, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù láti Molenbeek, wà lára àwọn tó darí wọn. Ọlọ́pàá ti ń wá a tipẹ́, síbẹ̀ ó ti Síríà padà wá. Méjì nínú àwọn apànìyàn náà dà pọ̀ mọ́ àwọn tó ń sá fógun gba Gíríìsì wọlé, àwọn olùwá-ibi-ìsádi sì ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn: ọmọ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó pànìyàn. Ní March 2016, ẹgbẹ́ kan náà pa 32 ní pápákọ̀ òfurufú àti ibùdó rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní Brussels.

Ohun tó wọ́n jù nígbà náà ni kí orílẹ̀-èdè kan sọ ohun tó mọ̀ fún èkejì. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà nínú àdéhùn Schengen, kò sábà sí àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà; ní ẹnubodè ìta pàápàá, ojú lásán ni wọ́n sábà fi ń wo ti ọmọ Yúróòpù nígbà náà. Láti April 2017 ni òfin ti ní kí wọ́n fi orúkọ gbogbo arìnrìnàjò ní ẹnubodè ìta wé àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá.

Nígbà tí Baghouz, ìlú tó kù kẹ́yìn lọ́wọ́ ISIS ní Síríà, ṣubú ní March 2019, àwọn obìnrin àti ọmọ wẹẹrẹ kún àgọ́ al-Hol àti Roj níbẹ̀, àwọn ọmọ Yúróòpù sì wà lára wọn. Àwọn ìjọba Yúróòpù fà sẹ́yìn láti kó wọn wálé. Bìrìtìkó tilẹ̀ gba ẹ̀tọ́ ọmọ-onílùú lọ́wọ́ àwọn kan. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò yan ogun, ìyà náà kò sì tọ́ sí wọn. Ní 14 September 2022, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Yúróòpù dá Faransé lẹ́bi nítorí ọ̀nà tó gbà kọ ẹ̀bẹ̀ àwọn òbí àgbà láti ìdílé méjì pé kó kó àwọn ẹbí wọn wálé. Ilé ẹjọ́ ní kí ó tún ẹ̀bẹ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Kò sọ pé dandan ni kó kó àwọn ọmọ náà wálé.