Ìwọ̀n Ohùn Nínú Orin Yorùbá: Láti Agbo Onílù Dé Yàrá Kọ̀ǹpútà ní Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tí ó ń kọrin pẹ̀lú gbọ́dọ̀ máa gbọ́ràn, kí ó lè mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ ń dé etí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe bíìtì nínú ilé wọn lónìí, ní Mowé àti Ìbàfò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, àti ní Ìfọ̀ tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó sí Abẹ́òkúta gbà kọjá. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí owó ilé Èkó ti ga jù fún kó wá sí agbègbè Mowé àti Ìbàfò. Àwọn ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò nílò láti padà sí Èkó kí wọ́n tó lè gba orin sílẹ̀. Síbẹ̀, ìṣòro kan kò yéé yọ wọ́n lẹ́nu: orin tí ó dùn nínú yàrá a máa dà bí ẹni tí òtútù mú nígbà tí wọ́n bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orin ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ dánfó. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni tí ó ṣe é ni kí ó gbé gbogbo ohùn sókè. Ariwo a sì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á sọnù.

Ìṣòro yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ìtàn orin Yorùbá fi hàn pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀n ohùn àti ariwo.

Ìwọ̀n nínú agbo onílù

Nínú ẹgbẹ́ onílù dùndún, iṣẹ́ ìlù kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu ipò ohùn rẹ̀. Ìyáálù ni ó ń sọ̀rọ̀. Òun ni ó ń ki oríkì, tí ó ń pa òwe, tí ó sì ń dárúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbo. Àwọn ìlù yòókù, bí kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú, ni wọ́n ń tẹ́ ibi tí ìyáálù yóò dúró lé. Gúdúgúdú kéré, ohùn rẹ̀ sì há, nítorí náà kò bá ìyáálù du àyè kan náà. Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀rọ wọn ohùn wọn. Olórí onílù ni ó ń fi etí yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì ṣẹ́jú sí omele tí ó bá ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n ti wà lára ìlù náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ.

Ìwo, máìkì àti iná mànàmáná

Nígbà tí àwo orin dé, ìwọ̀n di ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn dúró sí. Kí ìgbohùnsílẹ̀ tó di ti iná mànàmáná ní ọdún 1925, inú ìwo ńlá kan ni olórin ń kọrin sí, agbára ohùn rẹ̀ ni ó sì ń mú abẹ́rẹ́ fín ìda. Ẹni tí ohùn rẹ̀ le a sún sẹ́yìn, ẹni tí ohùn rẹ̀ rọ̀ a sún mọ́ ìwo. Ní àwọn ọdún 1920 náà ni Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà ará Abẹ́òkúta tí í ṣe bàbá bàbá Fẹlá, kọ àwọn orin ìsìn Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London. Ohùn rẹ̀ àti dùùrù ni a gbọ́ níbẹ̀. Agbo onílù ńlá kò rọrùn láti kó sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn jùjú tún mú ọ̀rọ̀ náà yé ni dáadáa. Nígbà tí Túndé King gba orin sílẹ̀ fún Parlophone ní ọdún 1936, ẹgbẹ́ kékeré ni jùjú: ohun èlò olókùn kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù jùjú pẹlẹbẹ, àti ohùn ènìyàn. Bí gángan bá wọ àárín wọn, yóò bo olórin mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan yí padà. Àkànbí Wright ni àwọn òpìtàn orin sábà máa ń dárúkọ bí ẹni tí ó mú ìlù tí ń sọ̀rọ̀ wọ jùjú ní ìparí àwọn ọdún 1940, Àyìndé Bákàrè sì mú gìtá oníná wọ̀ ọ́ ní ọdún 1949. Ọ̀rọ̀ méjèèjì so kọ́ra. Nígbà tí máìkì àti sípíkà gbé ohùn olórin àti gìtá sókè ni àyè tó wà fún ìlù púpọ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1970, ẹgbẹ́ Ebenezer Obey, ọmọ Ìdógò tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin yà lọ síbẹ̀ láti Ìfọ̀, àti ti King Sunny Adé ti ní gìtá mélòó kan pẹ̀lú ọ̀wọ́ ìlù. Iṣẹ́ tí iná mànàmáná ṣe fún jùjú nìyí: ó mú kí ohùn púpọ̀ lè jókòó pọ̀ láìsí pé ọ̀kan pa èkejì.

Ohùn mẹ́jọ péré

Nígbà tí Paul McCartney wá gba àwo Band on the Run sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Apapa ní ọdún 1973, ẹ̀rọ ibẹ̀ ní ipa ohùn mẹ́jọ péré lórí téèpù. Ẹni tí ipa mẹ́jọ péré bá wà fún gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí ó fẹ́ kí á gbọ́ kí téèpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. EMI náà ni Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ará Abẹ́òkúta tí ó kú ní ọdún 1980, ń gba orin sílẹ̀ fún. Nínú àwo rẹ̀, ohùn rẹ̀ ló wà níwájú, ìlù Adéwọlé a sì máa dá a lóhùn ní ibi tí ó bá ti mí. Ìpínlẹ̀ Ògùn tilẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó wọlé. Haruna Ìṣọ̀lá, tí òun àti I. K. Dairo dá Star Records sílẹ̀ ní ọdún 1969, dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìparí àwọn ọdún 1970.

Àwo náà fúnra rẹ̀ tún ń fi òfin de ariwo. Bí ohùn bá ti ga tó ni ojú ipa tí abẹ́rẹ́ ń gbà yóò ṣe fẹ̀ tó. Bí ojú ipa bá fẹ̀, àyè á dín, orin kò sì ní lè gùn. Olórin tí ó fẹ́ kọrin fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ní ojú kan láìdúró, bí àwọn onijùjú ṣe ń ṣe, gbọ́dọ̀ gbà kí ohùn náà mọ níwọ̀n.

Ìgbà tí ariwo di ìdíje

Òfin yẹn kò sí mọ́ nígbà tí àwo CD jáde ní ọdún 1982. Àjà kan ni ó kù, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pè ní òdo dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì. Ohùn tí ó bá kọjá àjà yìí a gé lórí, a sì máa dún gbàràgbàrà. Àwọn olùṣe àwo wá rí i pé bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ compressor àti limiter tẹ ibi tí ohùn ti ga mọ́lẹ̀, wọ́n lè gbé gbogbo ìyókù sókè títí yóò fi kan àjà. Báyìí ni ìdíje ariwo ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Metallica gbé Death Magnetic jáde ní ọdún 2008, àwọn olólùfẹ́ wọn gan-an figbe ta pé ohùn inú rẹ̀ ti fọ́.

Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ Image-Line ní orílẹ̀-èdè Belgium gbé FruityLoops jáde, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí FL Studio ní ọdún 2003. Òun ni ó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tí ń ṣe bíìtì nílé ní Nàìjíríà. Ipa ohùn mẹ́jọ ti di èyí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Limiter tí ó jẹ́ ohun èlò ilé-iṣẹ́ ńlá tẹ́lẹ̀ di ohun tí ọmọ ilé-ìwé lè fi ìka kan tẹ̀.

Ohun tí Yorùbá yóò pàdánù

Ewu ìdíje yìí pọ̀ fún èdè olóhùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Orí ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ìlù tí ń sọ̀rọ̀ dúró lé. Bí béèsì àti kick bá kún ìsàlẹ̀ orin, tí dùùrù kọ̀ǹpútà sì kún àárín, kò sí ibi tí ohùn ìyáálù yóò gbà jáde. Etí yóò mọ̀ pé ìlù kan ń dún, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ohun tí ó ń wí. Bí wọ́n bá tún fi limiter tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, líle àti rírọ̀ ọwọ́ onílù á di ọgbọọgba. Orin náà á ga, oríkì inú rẹ̀ á sì yadi.

Òfin tuntun tí ó dà bí ti àtijọ́

Ní ọdún 2006, àjọ ITU tẹ ìlànà kan jáde fún wíwọn bí etí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ohùn ga tó. LUFS ni a ń pe ìwọ̀n náà lónìí. Ní ọdún 2010, àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù fi −23 LUFS ṣe òṣùwọ̀n wọn. Spotify ń lo −14, àyàfi tí olùgbọ́ bá yí i padà. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ọmọ Ìfọ̀ kan bá fi limiter tẹ bíìtì rẹ̀ títí ó fi dé −7, Spotify yóò fa á wálẹ̀ ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 7. Ariwo tí ó wá ti lọ, ìpalára tí limiter ṣe sì ṣẹ́ kù. Ẹni tí ó fi orin rẹ̀ sí −14, tí ìlù rẹ̀ ṣì ń mí, ni orin rẹ̀ yóò dún kedere jù.

Nítorí náà, ìwọ̀n ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí á fa gbogbo ohùn wálẹ̀, kí á kọ́kọ́ gbé èyí tí ń sọ̀rọ̀ sókè, ìbáà jẹ́ olórin tàbí gángan, kí á tó máa mú àwọn yòókù wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn kan bá wọlé tí ọ̀rọ̀ kò sì yé ni mọ́, kí ohùn náà relẹ̀, tàbí kí á gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí kò wúlò kúrò. Ó yẹ kí òkè gbogbo àdàpọ̀ náà fi nǹkan bí dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 jìnnà sí àjà kí limiter tó dé rárá. Yàrá náà ń purọ́ pẹ̀lú. Ògiri símẹ́ǹtì a máa dá ohùn padà, igun yàrá a sì máa mú béèsì wú. Etí gan-an ń tanni: Fletcher àti Munson fi hàn ní ọdún 1933 pé bí ohùn bá rẹlẹ̀, etí kì í gbọ́ béèsì dáadáa, bí ó bá sì ga, béèsì á pọ̀ sí i létí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á gbọ́ iṣẹ́ náà ní rírẹlẹ̀ àti ní gíga, nínú earpiece àti lórí fóònù, àti ní ẹ̀gbẹ́ àwo àtijọ́ kan tí a ti mú ohùn méjèèjì dọ́gba.

Ìdánwò tí ó kẹ́yìn kò nílò ẹ̀rọ. Kí á pe ẹni tí kò tíì gbọ́ orin náà rí, kí á gbé e sí i ní rírẹlẹ̀, kí á sì bi í pé kí ni ìlù wí. Bí ó bá lè tún un sọ, ìwọ̀n ti pé.