Ìtàn Gìtá Báàsì, àti Bí A Ti Ń Tún Un Ṣe

Nínú orin gbogbo, ohùn kan wà tí etí kì í tètè yà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti sọnù. Ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ wa, agídìgbo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú orin àpàlà. Ní òkè òkun, gòjé ńlá tí ó ga ju ènìyàn lọ, èyí tí a ń pè ní dọ́bù báàsì, ni ó ń ṣe é. Lónìí, gìtá báàsì oníná ti gba ipò náà nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ orin, àti láàrin àwọn akọrin ilé Ọlọ́run pẹ̀lú. Nítorí náà, a rò pé kì yóò ṣàì ṣe ẹ̀yin ará ìjọ àti ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ wá bá wa yọ̀ ní àǹfààní, bí a bá sọ díẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀, àti bí àwọn tí ń lò ó ti ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà.

Ní nǹkan bí ọdún 1936, Paul Tutmarc ti ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ti ṣe báàsì oníná kan tí a ń gbé kọ́ àyà bí gìtá, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀. Ó di ọdún 1951 kí Leo Fender ti ìlú Fullerton ní California tó gbé èyí tí gbogbo ayé tẹ́wọ́ gbà jáde. Ẹni tí ń tún rédíò ṣe ni Fender í ṣe. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ gìtá ta. Ó rí i pé dọ́bù báàsì ṣòro gbé, pé ìlù àti gìtá oníná ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, àti pé ẹni tí ń ta á ní láti fi etí wá ibi tí ohùn wà. Ó ṣe tirẹ̀ kúrú, 34 ínǹṣì ní gígùn okùn, nígbà tí ti dọ́bù báàsì lé ní 40. Ó fi okùn mẹ́rin sí i, E, A, D àti G. Ó sì to irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń pè ní fret sí ọrùn rẹ̀, kí ìka má bàa ṣìnà. Nítorí èyí ni ó ṣe sọ ọ́ ní Precision, èyí tí í ṣe ìṣedéédéé.

Kí àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti ń fọhùn. Lábẹ́ okùn ni pickup wà, èyí tí í ṣe irin òòfà tí a fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé. Bí okùn bá gbọ̀n lókè òòfà náà, iná díẹ̀ yóò sáré nínú wáyà, ẹ̀rọ agbóhùnsókè yóò sì sọ ọ́ di ohùn ńlá. Ṣùgbọ́n wáyà yìí a máa gbá ariwo iná mọ̀nàmọ́ná ilé mú pẹ̀lú, a sì máa kùn bí oyin. Nítorí náà, ní ọdún 1957, Fender pín pickup náà sí méjì, ó wé ìkejì lódì sí ìkíní, ó sì yí òòfà rẹ̀ padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo méjèèjì fi ń pa ara wọn, tí ohùn okùn sì ṣẹ́kù. Ní ọdún 1960, ó gbé Jazz Bass jáde, tí ó ní pickup méjì àti ọrùn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó ṣe é gan-an ni ó kọ́kọ́ tún un ṣe.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àwọn ọdún 1960, John Entwistle ti ẹgbẹ́ The Who bá àwọn tí ń ṣe okùn Rotosound ṣiṣẹ́, títí okùn tí ohùn rẹ̀ ń dún gooro bí agogo fi jáde. Ní California, ilé iṣẹ́ Alembic fi ẹ̀rọ oníbátìrì sínú báàsì, kí ẹni tí ń ta á lè fi kún ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ láti orí gìtá fúnra rẹ̀; wọ́n ṣe ọ̀kan fún Jack Casady ní ọdún 1972. Ní ọdún 1975, Carl Thompson ṣe báàsì olókùn mẹ́fà fún Anthony Jackson.

Àwọn méjì kan wà tí ìwà wọn yàtọ̀ síra, a kò sì lè ṣàì dárúkọ wọn. James Jamerson ti ìlú Detroit, ẹni tí ó ta báàsì fún Motown, lo Precision ọdún 1962. Ìka kan ṣoṣo ni ó fi ń ta á. Kì í fẹ́ pààrọ̀ okùn rẹ̀, fóòmù sì wà lára okùn náà láti mú ohùn rọlẹ̀. Jaco Pastorius ní tirẹ̀ lo Jazz Bass ọdún 1962 tí a ti yọ gbogbo fret rẹ̀ kúrò. A dí ojú ibi tí wọ́n wà, a sì fi epoxy tí a ń lò fún ọkọ̀ ojú omi bo igi ọrùn náà, kí okùn má bàa jẹ ẹ́. Ní ọdún 1976, àwo orin rẹ̀ jáde, ó sì ya àwọn atagìtá lẹ́nu, nítorí báàsì náà ń kọrin bí ènìyàn. Olè gbé gìtá àwọn méjèèjì lọ: ti Jamerson kí ó tó kú ní ọdún 1983, ti Pastorius ní ọdún 1986, ṣùgbọ́n a rí ti Pastorius lẹ́yìn nǹkan bí 20 ọdún.

Ta ni nínú àwọn méjèèjì ni ó ṣe rere? Àwa wí pé àwọn méjèèjì ni, nítorí olúkúlùkù mọ ohun tí ó ń wá. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin àtúnṣe tí a lè dá padà àti èyí tí a kò lè dá padà. Pickup àti irin ìdí okùn, ìṣó onídè ni ó dì wọ́n mú. Ẹni tí ó bá pa àwọn ti àtijọ́ mọ́ nínú àpótí lè dá wọn padà ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n igi tí a ti gbẹ́ kò tún hù mọ́, ọ̀dà àkọ́kọ́ tí a ti fá kò sì ṣeé dá padà. Nítorí èyí ni iye owó báàsì àtijọ́ fi ń wálẹ̀ bí a bá ti gbẹ́ ẹ tàbí tí a fá a. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó sì ń dá pickup lẹ́bi, nígbà tí ó jẹ́ pé ọrùn ni ó tẹ̀ nígbà ọyẹ́, tí ọ̀pá irin inú rẹ̀ kàn ń fẹ́ kí a yí i díẹ̀. Kí a kọ́kọ́ tọ́ ọrùn, kí a tẹ̀lé e pẹ̀lú okùn tuntun, kí a sì gbọ́ ohùn rẹ̀ dáradára, kí a tó mú ayùn. Àwọn baba wa wí pé, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tí ó gba ohun kan lọ́wọ́ àwọn aṣíwájú kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù láti tún un ṣe. Fender pàápàá kò bẹ̀rù. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó kọ́kọ́ mọ èyí tí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má sì ṣe gé ohun tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kì yóò lè so padà.